Kátúùnù tí wọ́n fi ń wé àkàrà, báwo ló ṣe dé ara ògiri mùsíọ́mù?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àǹtí mi kan ju àwòrán méjì sórí WhatsApp ẹbí wa. Èyí àkọ́kọ́, àpótí kan látinú ìwé kọ́míìkì Amẹ́ríkà ọdún 1962, ìwé tí wọ́n ń tà ní sẹ́ńtì 12. Èkejì, àwòrán gàgàrà kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, ara ògiri mùsíọ́mù ló wà, àwọn èèyàn dúró níwájú ẹ̀, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ ṣàlàyé èyí fún mi o." Kí n tó fọwọ́ kan fóònù, bọ̀ọ̀dá wa kan ti dáhùn ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Olè." Àǹtí kan ní owó ló pọ̀ jù lọ́wọ́ òyìnbó. Ẹlòmíì tún gbé ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ mọ́ ògiri wọ̀ ọ́, bí gbogbo ẹ̀ ṣe dàrú nìyẹn.

Mo ní màá ṣàlàyé, àmọ́ kì í ṣe nǹkan téèyàn lè fi fóísì-nóòtì ìṣẹ́jú méjì sọ, torí náà mo kọ ọ́ síbí.

Kí là ń pè ní kọ́míìkì gan-an?

Àwa a máa pe gbogbo ẹ̀ ní kátúùnù, ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀ díẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo tó ń fi olóṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, kátúùnù nìyẹn. Tí wọ́n bá to àwòrán mẹ́ta mẹ́rin sínú àpótí tẹ̀léra-tẹ̀léra, tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn inú ẹ̀ bọ́ sínú nǹkan roboto bíi bàlúùnù tí ọmọdé ń fẹ́, ó ti di kọ́míìkì. Tó bá pọ̀ tó ìwé, ìwé kọ́míìkì. Tó bá wá nípọn, tí ìtàn inú ẹ̀ le, àwọn òǹtàwé á pè é ní graphic novel, orúkọ tí mo rò pé wọ́n dìídì wá fún àwọn àgbàlagbà tójú ń tì láti sọ pé kọ́míìkì làwọ́n ń kà. Àwọn èèyàn wa ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Faransé, BD ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀, wọn ò yọ ara wọn lẹ́nu.

Ohun tó jẹ́ kí kọ́míìkì yàtọ̀ sí àwòrán lásán ni àlàfo tó wà láàárín àpótí kan sí èkejì. Ẹ wò ó: nínú àpótí kìíní, bàbá kan gbé pankẹ́rẹ́ sókè. Nínú àpótí kejì, ọmọ ń sunkún, ó fọwọ́ ra ìdí. Ta ló na ọmọ yẹn? Ẹ̀yin ni. Kò sẹ́ni tó ya ibi tí pankẹ́rẹ́ ti balẹ̀, orí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á ló parí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ayàwòrán kọ́míìkì wà, kí ló máa yà, kí ló máa fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ bá a parí.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní kéèyàn máa fi àpótí sọ ìtàn o. Ọlọ́wẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ ìlẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bíi 1910 sí 1914. Ó pín in sí àpótí àpótí. Lápá kan, Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ pẹ̀lú àwọn olorì. Lápá kejì, òyìnbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Captain Ambrose ń bọ̀, àwọn èèyàn gbé e lérí. Ẹni tó bá fojú tọ̀ ọ́ láti àpótí dé àpótí á gbọ́ bí òyìnbó ṣe wọ̀lú. Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley nílùú London, British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà ò gbowó, àfìgbà tí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan ní ìlú òyìnbó fún un ní pàṣípààrọ̀. Ìlẹ̀kùn ọ̀hún wà lọ́dọ̀ wọn dòní. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá iṣẹ́ ọnà ni ìlẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀.

Àwọn wo ló ń jẹ́ "ayé iṣẹ́ ọnà"?

Kì í ṣe ìlú kan. Gálárì wà níbẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ayàwòrán tajà tó sì ń gba tiẹ̀ lórí ẹ̀. Mùsíọ́mù wà níbẹ̀, tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ tó sì ń pàtẹ ẹ̀. Olówó tó ń rà á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé gbàǹjo bíi Christie's àti Sotheby's, àtàwọn tó ń kọ̀wé nípa gbogbo ẹ̀.

Ẹ fi wọ́n wé afọbajẹ. Ẹnikẹ́ni lè ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jà kó fi sọ́rùn, kó ní kí wọ́n rán adé fóun, kó jókòó sí pálọ̀ ẹ̀. Kò tíì di ọba. Ọjọ́ tí afọbajẹ bá pe orúkọ ẹ̀ tí ìlú sì hó yèè ni ọ̀rọ̀ yí padà, èèyàn àná náà sì ni o, ojú kan náà, ìka kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà rí. Tí gálárì ńlá bá gbé e, tí mùsíọ́mù rà á, tí ẹnì kan kọ̀wé lé e lórí, iye ẹ̀ á fò sókè. Mi ò ní wọ́n ń tàn wá jẹ, torí pé afọbajẹ náà máa ń wò ó kí wọ́n tó mú èèyàn, àmọ́ àwọn ló ń mú.

Kí ló dé tí wọn ò fi ka kọ́míìkì sí látọjọ́ yìí?

Ẹ ronú nípa àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti ankara. Àdìrẹ tí ìyá kan l'Ábẹ́òkúta fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí lára kó tó rẹ ẹ́ sínú aró, ọ̀kan ṣoṣo ni, ẹ ò lè rí ìkejì ẹ̀, ọwọ́ ìyá yẹn wà lára ẹ̀. Ankara, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún yáàdì. Ó lè rẹwà ju àdìrẹ lọ, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló máa wọ̀ ọ́. Ayé iṣẹ́ ọnà fẹ́ràn ọ̀kan ṣoṣo, ìyẹn ló ṣeé dù ní gbàǹjo. Kọ́míìkì sì ni ankara. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ni ọjà, bébà tí ayàwòrán fọwọ́ ara ẹ̀ yà, páálí ìdáná ni lójú iléeṣẹ́, tí wọ́n bá ti tẹ ìwé tán wọn a jù ú nù, wọn a gé e, nígbà míì wọn a fún àlejò.

Owó tún wà ńbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iye ojú ewé téèyàn bá yà ni wọ́n fi ń sanwó fún un, iléeṣẹ́ ló ni èèyàn inú ìtàn, iléeṣẹ́ ló ni àwòrán, àìmọye ayàwòrán ni orúkọ wọn ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ọmọdé ló sì ń kà á. Ní 1954, ilé aṣòfin àgbà wọn tiẹ̀ jókòó lórí ẹ̀, wọ́n ń wádìí bóyá kọ́míìkì ló ń ba àwọn ọmọ jẹ́. Ta ló máa gbé nǹkan tí wọ́n pè lẹ́jọ́ báyẹn wọ mùsíọ́mù?

Àwọn díẹ̀ rí i ṣáájú ṣá. Gilbert Seldes, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1924 pé Krazy Kat, kọ́míìkì ológbò àti eku tí George Herriman ń yà nínú ìwé ìròyìn, wà lára iṣẹ́ ọnà tó dáa jù ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn. Wọ́n gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Lichtenstein jí i àbí kò jí i?

Ibí ni àwòrán méjì orí WhatsApp yẹn ti wá. Roy Lichtenstein tó ya èyí tó wà lára ògiri kì í ṣe ayàwòrán kọ́míìkì, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Ní 1961 ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àpótí kan látinú kọ́míìkì olówó pọ́ọ́kú, á yà á sórí kánfáàsì tó ga ju èèyàn lọ nígbà míì. Èyí tó lókìkí jù, Whaam!, ti 1963, ọkọ̀ òfuurufú kan ń yìnbọn lu òmíràn, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin. Inú kọ́míìkì ogun tí iléeṣẹ́ DC tẹ̀ ní 1962 ló ti mú un, Irv Novick ló sì ya ibi tó mú. Mùsíọ́mù Tate nílùú London ra ti Lichtenstein ní 1966. Drowning Girl tó wà ní MoMA, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà òde òní nílùú New York, ọmọbìnrin tó ń rì sómi tó ń sọ pé òun yóò kúkú rì ju kóun pe Brad lọ, iṣẹ́ Tony Abruzzo ló ti mú un, inú kọ́míìkì olólùfẹ́.

Àwọn tó ní olè ni, wọ́n ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo méjèèjì. Nínú ti Abruzzo, ọkùnrin náà wà lẹ́yìn, ó di ọkọ̀ ojú omi tó ti dojú dé mú, ọ̀rọ̀ tí obìnrin yẹn ń sọ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tiẹ̀ ń sọ pé iṣan ń fa òun. Orúkọ ọkùnrin yẹn ni Mal. Lichtenstein yọ ọkùnrin kúrò, ó yọ ọkọ̀ kúrò, ó gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kù, ó sọ Mal di Brad, ó jẹ́ kí omi ká gbogbo àwòrán mọ́. Ohun tó kù ni orí kan, ọwọ́ kan, omi, àti ìgbéraga. Ó ti di nǹkan míì. Ìtàn ti kúrò níbẹ̀, ìṣesí ló kù.

Ẹ tún wo àwọn tótótó. Ìwé olówó pọ́ọ́kú ò lówó yíǹkì tó pọ̀, torí náà ẹ̀rọ á to àmì tótótó pupa sára bébà funfun, láti òkèèrè ojú á rí i bí àwọ̀ ara èèyàn. Lichtenstein sọ tótótó yẹn di ńlá, ó fi páálí onírin tó níhò yà á. Ohun tí ìwé fi ń fara pamọ́, ó fi hàn gbangba. Àwọn ayàwòrán ńlá New York nígbà yẹn, ọ̀dà ni wọ́n ń dà sórí kánfáàsì, wọ́n ní ọkàn àwọn ló ń sọ̀rọ̀. Lichtenstein ní kí ẹ wò ó, ọkàn tí ẹ̀rọ tẹ̀ náà rèé, sẹ́ńtì 12. Àwàdà ni, àwàdà tó mú ṣùgbọ́n. Ìwé ìròyìn Life béèrè ní 1964 bóyá òun ló burú jù nínú gbogbo ayàwòrán Amẹ́ríkà. Ní 2015, Nurse, òmíràn nínú àwọn àwòrán ẹ̀, lọ ní mílíọ̀nù 95 dọ́là ní Christie's.

Èrò tèmi rèé. Ẹ wo olórin ńlá tó gbọ́ orin ọmọ àdúgbò kan, ó yí ìlù ẹ̀ padà, ó gé ẹsẹ méjì kúrò, ó fi kún pápá ìṣeré, ọmọ àdúgbò sì wà nílé ń gbọ́ ọ ní rédíò. Kì í ṣe pé olórin ńlá ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí kò lè pe orúkọ ọmọ náà ni ìbéèrè tèmi. Russ Heath, ọ̀kan nínú àwọn tí Lichtenstein mú àwòrán wọn, nígbà tó darúgbó ó ya kọ́míìkì ojú ewé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé àwòrán tí wọ́n mú lọ́wọ́ òun di mílíọ̀nù, kọ́bọ̀ ò kan òun, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Hero Initiative, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn àgbà ayàwòrán kọ́míìkì lọ́wọ́. Kọ́míìkì ló fi dá wọn lóhùn, mo sì fẹ́ràn ìyẹn.

Ẹni tó ya kọ́míìkì fúnra ẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kó wọlé?

Wọ́n jẹ́ kó wọlé, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Mùsíọ́mù Metropolitan nílùú New York pàtẹ iṣẹ́ Winsor McCay, ayàwòrán kọ́míìkì àtijọ́ kan, ní 1966, ó ti kú tipẹ́. Ní 1967 wọ́n ṣe ìpàtẹ kọ́míìkì kan nílùú Paris, nínú apá kan ààfin Louvre, àmọ́ ńṣe ni wọ́n fẹ àwọn àpótí lójú di ńlá kó tó dà bí ohun tó yẹ ògiri. Ní 1990, MoMA ṣe ìpàtẹ kan tí wọ́n pè ní High & Low, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi bí nǹkan ìgboro ṣe wọ iṣẹ́ ọnà hàn. Art Spiegelman, ayàwòrán kọ́míìkì kan, lọ wò ó, inú bí i, ó ya kọ́míìkì kan sínú ìwé Artforum láti bú wọn. Ohun tó ń dùn ún ni pé inú ilé yẹn, ibi tí àwọn ọ̀gá ti lọ mú ẹran ni wọ́n fi kọ́míìkì ṣe, wọn ò kà á sí oúnjẹ fúnra ẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, MoMA náà ló pàtẹ àwọn ojú ewé Maus tí Spiegelman fọwọ́ ara ẹ̀ yà. Maus ni ìtàn bí bàbá ẹ̀ ṣe jáde láàyè ní Auschwitz, àgọ́ tí ìjọba Hitler ti ń pa àwọn Júù, ó ya àwọn Júù bí eku, ó ya àwọn Jámánì bí ológbò. Ní 1992 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Pulitzer àkànṣe, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣòro kéèyàn jókòó síbì kan kó ní eré ọmọdé ni.

Ilẹ̀ Faransé ò bá ara ẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀. Ọnà kẹsàn-án ni wọ́n ń pe kọ́míìkì níbẹ̀, sinimá ni ìkeje. Ní 1974 ni ìlú Angoulême bẹ̀rẹ̀ ọdún kọ́míìkì tiẹ̀. Louvre bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ayàwòrán kọ́míìkì ṣe ìwé ní 2005, mùsíọ́mù Centre Pompidou nílùú Paris sì fi kọ́míìkì kún ilé ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè ní 2024. Níbi owó, àwòrán kan tí Hergé yà fún èèpo ẹ̀yìn ìwé kọ́míìkì Tintin, tí wọn ò tiẹ̀ lò, lọ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 yúrò nílùú Paris ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2021. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ojú ewé Spider-Man kan ṣoṣo tí Mike Zeck yà lọ ní mílíọ̀nù 3.36 dọ́là ní Amẹ́ríkà. Ẹ fi wé mílíọ̀nù 95. Ilẹ̀kùn ti ṣí, àmọ́ ẹni tó mú láti inú kọ́míìkì ṣì ń jẹun ju ẹni tó ya kọ́míìkì lọ.

Nílé wa ńkọ́?

Nílé wa, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì, torí ebi ò mọ gálárì. Akinọlá Láṣekàn tó ń fi kátúùnù na ìjọba òyìnbó lọ́rẹ́ nínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti 1944, tó ń fọwọ́ sí i pé Lash, òun náà ló ń fi ọ̀dà ya àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn, ó sì kọ́ni ní yunifásítì Nsukka. Josy Ajíbóyè ní Daily Times, bẹ́ẹ̀ náà ni, kátúùnù lójú ewé, ọ̀dà nílé. dele jegede (lẹ́tà kékeré ni òun fúnra ẹ̀ fi ń kọ orúkọ ẹ̀) ya Kole the Menace sínú Sunday Times, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà. Papa Ajasco tí gbogbo wa mọ̀ ní tẹlifíṣọ̀n, inú ìwé kọ́míìkì Ikebe Super tí Wálé Adénúgà dá sílẹ̀ ní 1976 ló ti ń sáré lé obìnrin. Àmọ́ ẹ lọ wò ó, àwòrán ọlọ́dà Láṣekàn ni wọ́n ń dù ní gbàǹjo ní London. Kátúùnù ẹ̀, inú ìwé ìròyìn tó ń gbó lọ ni èyí tó pọ̀ jù ṣì wà.

Èyí tó máa ya yín lẹ́nu ni ti Kerry James Marshall, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú ará Chicago, tí àwòrán ẹ̀ kan lọ ní mílíọ̀nù 21 dọ́là ní 2018. Láti 1999 ló ti ń ya kọ́míìkì kan tó ń jẹ́ Rythm Mastr, àwọn akọni inú ẹ̀, òrìṣà Yorùbá ló fi ṣe wọ́n, ère Áfíríkà tó wà nínú mùsíọ́mù á jí sáyé tí ìlù bá ti dún. Nígbà tó kọ́kọ́ pàtẹ ẹ̀ nílùú Pittsburgh, bébà ìwé ìròyìn ló tẹ̀ ẹ́ sí, ó fi bo gíláàsì àwọn àpótí ìpàtẹ mùsíọ́mù. Ó ní nǹkan tó ń bí òun nínú, pé ọmọ dúdú ò rí akọni tó jọ ọ́ nínú kọ́míìkì. Ẹ ò rí i pé òun ò mú kọ́míìkì wá fi ṣẹ̀fẹ̀ bíi ti Lichtenstein. Ó fẹ́ kẹ́ ẹ kà á.

Toyin Ojih Odutola, tí wọ́n bí n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1985, gba ọ̀nà míì. Ní 2020 ó kọ́ àwòrán 40 sára ògiri gbọọrọ kan tó tẹ̀ kọrọdọ ní Barbican, ilé iṣẹ́ ọnà kan nílùú London, ìtàn àtọwọ́dá nípa ìlú àtijọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí obìnrin ti ń jọba lórí ọkùnrin. Ẹ máa rìn láti orí ọ̀kan dé orí ìkejì, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín méjì ẹ̀yin lẹ máa parí ẹ̀. Tèmi, kọ́míìkì nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń ṣí ojú ewé.

Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kó wà lára ògiri?

Ó ní ohun tó ń sọnù ṣá. Ojú ewé kan péré nínú férémù dà bí ẹsẹ kan tẹ́ ẹ já jáde látinú ìtàn Ìjàpá, ẹ ò mọ ìdí tó fi wà lórí òrùlé. Èèyàn a máa dúró ka ojú ewé mẹ́rin, ẹsẹ̀ á máa ro ó, ẹlòmíì á máa tì í lẹ́yìn. Àmọ́ ohun kan wà téèyàn ń rí níbẹ̀ tí ò sí nínú ìwé: ibi tí pẹ́ńsù ti kọ́kọ́ gba ibòmíì, ibi tí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa àṣìṣe rẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ bo òmíràn. Ẹ máa rí i pé èèyàn ló jókòó yà á, tó ń kánjú torí ọ̀la ni wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Ìyẹn náà ni mo fi dá ọmọ àǹtí mi lóhùn, torí lẹ́yìn gbogbo àlàyé, ohun tó béèrè ni bóyá àwọn kọ́míìkì àtijọ́ tó wà nínú àpótí bàbá ẹ̀ lówó lórí. Mo ní tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ̀ ni, kó rọra kà á, iye tí olùfẹ́ ìwé àtijọ́ bá fún un ni. Tó bá jẹ́ bébà nípọn, tí yíǹkì dúdú wà lójú ẹ̀ tí ìlà pẹ́ńsù ṣì hàn lábẹ́ ẹ̀, kó má tíì fún ẹnikẹ́ni, kó yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Kò tíì fèsì. Ìyá ẹ̀ ló fèsì, ó ní àpótí wo.